Lira Tron ọdún 1472: ojú doge kúrò lórí owó, ìwọ̀n fàdákà dúró

Ní ọdún 1472, ilé ìrọwó ìlú olómìnira Venice mú owó fàdákà kan jáde tí kò sí irú rẹ̀ rí ní ìlú náà. Ó wúwo tó gíráàmù 6.52, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi milimítà 28, fàdákà gidi inú rẹ̀ sì jẹ́ ìpín 948 nínú 1,000. Orí Nicolò Tron, ẹni tó jẹ́ doge, ìyẹn olórí ìlú, ló wà lójú kan. Ó kọjú sí apá òsì, ó dé fìlà oníwo tí àwọn doge máa ń dé, irùngbọ̀n sì kún àgbọ̀n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ yí i ká ni NICOLAVS TRONVS DVX. Lẹ́yìn owó náà, kìnnìún Máàkù Mímọ́, ẹni mímọ́ alábòò ìlú náà, ló wà láàárín òbìrí ewé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ SANCTVS MARCVS. Lira kan gééré ni iye rẹ̀, òun náà sì ni lira àkọ́kọ́ tí Venice rọ. Kò pé ọdún méjì tí Tron kú, wọ́n sì fi òfin dè é pé orí doge kankan kò gbọdọ̀ hàn bẹ́ẹ̀ lórí owó mọ́.

Ojú Tron ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń dúró lé nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹni pé ìgbéraga ọkùnrin kan ló bí gbogbo rẹ̀. A kò rí i bẹ́ẹ̀. Inú fàdákà ni ìṣòro tí ìlú náà fẹ́ yanjú wà. Nígbà tí wọ́n yọ àwòrán náà kúrò, wọn kò fọwọ́ kan ìwọ̀n, wọn kò sì fọwọ́ kan àdàlù.

Ṣáájú 1472, kò sí ẹni tó lè ka lira lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní Venice. Inú ìwé ìṣirò ni lira ń gbé. Denaro 12 ló ń jẹ́ soldo kan, soldo 20 ló ń jẹ́ lira kan. Ẹni tó jẹ gbèsè lira 5 mọ̀ pé soldo 100 lòun jẹ, tàbí denaro 1,200. Ṣùgbọ́n tó bá di àtisanwó, ohun tó wà nínú àpò ni soldino, ìyẹn ẹyọ owó soldo kan. Grossetto tó jẹ́ soldo 4. Àti grossone tó jẹ́ soldo 8, èyí tí wọ́n mú jáde nígbà tí Francesco Foscari wà lórí oyè doge. Ducato wúrà ló ga jù gbogbo wọn lọ. Wọ́n ti ń rọ ọ́ láti 1284, ó wúwo díẹ̀ ju gíráàmù 3.5 lọ, wúrà inú rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àbùlà kankan. Ní àkókò tí à ń sọ yìí, soldo 124 ni ducato kan, èyí tó jẹ́ lira 6 àti soldo 4.

Àlàfo tó wà láàárín grossone àti ducato yìí ni kí ẹ wò. Ẹni tó fẹ́ san ducato 50 pẹ̀lú soldino gbọ́dọ̀ ka ẹyọ 6,200. Soldino kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta gíráàmù lọ, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé ọwọ́ lásán lè tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnì kan bá gé etí rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ojú kò ní tètè rí i. Bí ó bá gé ti ẹgbẹ̀rún kan, ó ti kó fàdákà gidi jọ. Owó tó pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn tún ń jẹ fúnra rẹ̀, torí ohun tó fẹ́lẹ́ ní ojú púpọ̀ tí ọwọ́ ń fà ju bí ara rẹ̀ ṣe wúwo tó. Àwọn ayédèrú tún wà níbẹ̀, àti owó ìlú mìíràn tí fàdákà inú rẹ̀ kò pé. Ní Brescia àti Bergamo, tí wọ́n wà lábẹ́ Venice ṣùgbọ́n tí wọ́n fara ti ilẹ̀ Milan, owó ìlú méjèèjì máa ń pàdé lórí àtẹ kan náà. Bí owó tó dára bá pàdé èyí tí kò dára tí iye tí a kọ sí wọn sì dọ́gba, èyí tó dára ni ènìyàn máa ń fi pamọ́, tàbí kó yọ́ ọ. Èyí tí kò dára ni yóò ná jáde.

Ọ̀nà tí fàdákà ń gbà wọ ìlú náà tún ti yí padà. Fún ìgbà pípẹ́, púpọ̀ nínú fàdákà Venice ló ń ti ibi ìwakùsà Serbia àti Bosnia wá. Àwọn Ọ́tómánì gba Novo Brdo, ibi ìwakùsà kan ní Serbia, ní 1455, wọ́n sì ṣẹ́gun Bosnia ní 1463, ọdún kan náà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn àti Venice. Ogun yẹn kò parí títí di 1479. Ohun tó gba Venice sílẹ̀ ni àwọn òkè Tyrol, níbi tí ìwakùsà Schwaz ti ń gbèrú ní àkókò yẹn gan-an. Àwọn oníṣòwò Jámánì ló ń gbé fàdákà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí ilé wọn ní Rialto, àdúgbò ọjà Venice, ilé tí wọ́n ń pè ní Fondaco dei Tedeschi, níbi tí ìjọba ti fẹ́ kí wọ́n máa wọ̀ sí kí ojú lè wà lára ọjà wọn. Nítorí náà fàdákà wà. Ohun tí kò sí ni owó tó tóbi tó láti gbé e.

Ibi ìṣirò ló dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí fún wa, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ̀n tí ilé ìrọwó Venice ń lò fún fàdákà ni marca, tó tó gíráàmù 238.5. Marca kan ní carato 1,152, carato kan sì ní grano 4, èyí tó mú kí marca kan jẹ́ grano 4,608. Grano 126 ni wọ́n gé lira Tron sí. Bí a bá pín 4,608 sí 126, a ó rí 36 àti díẹ̀ lé ní ìdajì, iye tí kò ṣeé kà nínú marca kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n marca 7 ń bí lira 256 géérégé, láìsí grano kan tó ṣẹ́kù. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ wò láìní ìyọnu ìdá, marca 7 ni yóò gbé sórí òṣùwọ̀n.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ bí fàdákà ṣe mọ́ tó tún yàtọ̀ sí tiwa. Wọn kì í sọ iye fàdákà tó wà nínú owó. Àbùlà ni wọ́n máa ń kà, iye carato tí kì í ṣe fàdákà nínú marca kan, wọ́n sì ń pè é ní peggio. Peggio 60 ni ti lira Tron. Yọ 60 kúrò nínú 1,152, ó ku 1,092. Pín in sí 1,152, ìpín 948 nínú 1,000 nìyẹn. Ní ìwọ̀n tiwa, marca kan jẹ́ gíráàmù 226.1 fàdákà tí wọ́n ti yọ́ mọ́, pẹ̀lú gíráàmù 12.4 bàbà. Grosso àtijọ́, owó fàdákà tí doge Enrico Dandolo bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kejìlá, mọ́ ju èyí lọ. Síbẹ̀ peggio 60 kì í ṣe ìyànjẹ. Fàdákà tí kò ní bàbà rárá rọ̀ jù, ó sì tètè ń jẹ lọ́wọ́ ènìyàn.

Fàdákà gidi inú lira kan wá jẹ́ gíráàmù 6.18. Nígbà tí ducato bá jẹ́ lira 6 àti soldo 4, gíráàmù fàdákà 38.3 ló dojú kọ gíráàmù wúrà 3.53. Ìyẹn ni pé wúrà kan ń ra fàdákà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 11. Ìdíwọ̀n yìí ni iye lira tuntun gbé lé. Bí ilé ìrọwó bá fi fàdákà kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn oníṣòwò yóò yọ́ lira wọn, wọn yóò sì gbé e lọ síbi tí fàdákà ti wọ́n. Bí wọ́n bá yọ kúrò nínú rẹ̀, ọjà kò ní gbà á ní soldo 20, ẹni tó ní fàdákà kò sì ní gbé e wá sí ilé ìrọwó mọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà tún fúyẹ́. Láti inú marca kan, soldino tó lé ní 700 ni wọ́n máa rọ. Lira kò tó 37. Gígé kọ̀ọ̀kan, wíwọ̀n kọ̀ọ̀kan àti lílu kọ̀ọ̀kan ló ní owó ọ̀yà tirẹ̀, nítorí náà owó ńlá dín ìnáwó ilé ìrọwó kù gan-an.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Fàdákà tó bá wọlé tí kò mọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ́ pẹ̀lú òjé lórí ààrò tí wọ́n fi eérú tẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò sọ òjé di ìpẹtà. Òjé yẹn ló máa kó bàbà àti ìdọ̀tí yòókù lọ sínú eérú, fàdákà nìkan ló máa kù lókè. Wọ́n á wá fi bàbà tí wọ́n ti wọ̀n sí i, wọ́n á dà á sí ọ̀pá, wọ́n á sì fi òòlù nà án títí yóò fi fẹ̀. Lílù máa ń mú fàdákà le, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa dá a padà sínú iná kó pọ́n, kó tún rọ̀. Ẹni tó bá kánjú níbí yóò rí i pé etí rẹ̀ ń sán, sísán yẹn kì í sì í lọ mọ́; ó máa ń hàn lára owó tó ti jáde tán. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa fi àlùmọ́gàjí ńlá gé e sí róbótó, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á rẹ́ etí èyí tó wúwo jù, èyí tó fúyẹ́ á padà sínú ìkòkò iná. Iná ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú, nítorí náà wọ́n á sè é nínú omi iyọ̀ àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wáìnì. Omi yìí ń jẹ bàbà tó wà lójú, ó ń fi fàdákà sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí owó tuntun fi máa ń funfun ju inú rẹ̀ lọ.

Lílù tó gbẹ̀yìn ni èyí tó ń fi àwòrán sí i. Òǹtẹ̀ irin kan wà nísàlẹ̀, wọ́n ti kàn án mọ́ ìtì igi. Ìkejì wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, yóò gbé e lé fàdákà náà, yóò sì lù ú. Kò sí ẹ̀rọ tí ń tẹ̀ ẹ́ ní 1472. Òǹtẹ̀ òkè, tí òòlù ń bà ní tààrà, ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí ọwọ́ bá sún díẹ̀ láàárín lílù àkọ́kọ́ àti ìkejì, lẹ́tà á di méjì-méjì. Bí òǹtẹ̀ kò bá dúró ṣánṣán, apá kan owó á jinlẹ̀, apá kejì á ṣókùnkùn.

Lira Tron tún ní ìṣòro tirẹ̀, láti inú àwòrán rẹ̀. Owó tó fẹ̀ tó milimítà 28 tó sì wúwo tó gíráàmù 6.52 kò lè nípọn ju nǹkan bíi milimítà kan lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, fìlà àti irùngbọ̀n doge yọ síta, kìnnìún tó wà lẹ́yìn náà sì yọ síta ní àárín kan náà. Fàdákà tó yẹ kó kún ihò ojúgbà méjèèjì kò pọ̀, nítorí náà ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ga jù ni àyà kìnnìún ti máa ń pẹlẹbẹ, tàbí kó jẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló máa pẹlẹbẹ níbi tí kìnnìún ti ga. Ẹni tó bá rí lira Tron tí kìnnìún rẹ̀ pẹlẹbẹ láàárín kó má tètè sọ pé ó ti jẹ. Ó lè jẹ́ bí ó ṣe jáde láti ilé ìrọwó nìyẹn.

Àléébù kan tún wà nínú ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ̀n owó. Bí wọ́n bá fi marca wọ̀n ọ́n pọ̀, àpapọ̀ lè pé nígbà tí ẹyọ kan wúwo jù, tí òmíràn sì fúyẹ́. Àwọn tó ń pààrọ̀ owó mọ èyí dáadáa. Wọ́n á fi òṣùwọ̀n kékeré ṣa àwọn tó wúwo, wọ́n á yọ́ wọn, wọ́n á ná àwọn tó fúyẹ́. Lórí owó tó tóbi bí lira, ìyàtọ̀ grano kan tàbí méjì kò tó nǹkan sí odindi. Lórí soldino tó jẹ́ grano 6 àti díẹ̀, ìdá mẹ́fà owó ni grano kan jẹ́. Àǹfààní lira tó tóbi jù nìyí, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ojú doge nìkan kì í sì í dárúkọ rẹ̀.

Ó yá, ojú náà ńkọ́? Wọ́n yan Tron ní oṣù kọkànlá 1471. Oníṣòwò ọlọ́rọ̀ ni, ó sì ti gbé Rhodes fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1470 ni Venice pàdánù Negroponte, ilẹ̀ rẹ̀ kan ní Gíríìsì, fún àwọn Ọ́tómánì. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú sí, àti pé nítorí ọ̀fọ̀ yìí ni kò fi fá irùngbọ̀n rẹ̀. Irùngbọ̀n tó wà lórí owó nìyẹn. Kì í ṣe lórí fàdákà nìkan ló wà: ní 1472 kan náà, orí rẹ̀ tún wà lórí bagattino, owó denaro kan tí wọ́n fi bàbà lásán rọ, èyí tí tálákà fi ń ra nǹkan kéékèèké. Ẹni tó ń ra búrẹ́dì mọ ojú doge bákan náà pẹ̀lú ẹni tó ń ta sílíìkì.

Àwòrán doge kì í ṣe tuntun lórí owó Venice. Láti ìgbà grosso ni Máàkù Mímọ́ ti ń fa àsíá lé doge lọ́wọ́, lórí ducato wúrà sì ni doge ti kúnlẹ̀ níwájú ẹni mímọ́ náà. Ṣùgbọ́n ènìyàn kékeré ni ní àwọn ibẹ̀ yẹn, odindi ara láti orí dé ẹsẹ̀. Orúkọ nìkan ló ń yí padà bí doge kan bá kú tí òmíràn bá jẹ. Oyè ló wà níbẹ̀. Lórí lira Tron, ọkùnrin kan pàtó ló wà níbẹ̀, tí ó dá wà, tí ẹni mímọ́ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní Ítálì ìgbà náà, olúwarẹ̀ tó bá fi orí ara rẹ̀ sí owó ni ẹni tó ní ìlú. Francesco Sforza ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Milan. Doge Venice kò ní ìlú. Wọ́n yàn án títí dọjọ́ ikú, ṣùgbọ́n ìwé ìbúra rẹ̀, promissione, so ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀: kò lè dá ṣí lẹ́tà tó ti ìlú òkèèrè wá láìsí àwọn ìgbìmọ̀ níbẹ̀. Bí doge kan bá sì kú, kí wọ́n tó yan òmíràn, wọ́n máa ń tún ìwé ìbúra náà yẹ̀ wò, kí wọ́n lè dí ihò tí èyí tó kú gbà kọjá. Ìgbà yẹn nìkan ni ààfin ṣófo, tí kò sí ẹni tí àtúnṣe náà máa bí nínú.

Tron kú ní ọjọ́ 28 oṣù keje 1473. Nínú àtúnyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé doge kò gbọdọ̀ fi orí ara rẹ̀ sí owó. Bí yóò bá hàn, kó kúnlẹ̀ níwájú Máàkù Mímọ́. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò sọ pé kí orúkọ rẹ̀ kúrò. Orúkọ ṣe pàtàkì fún ilé ìrọwó, nítorí òun ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n rọ owó kan. Ọdún kì í sí lórí rẹ̀.

Nicolò Marcello ló jẹ lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Owó tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní ni ìdajì lira: soldo 10, gíráàmù 3.26, ìyẹn grano 63, ìdajì 126 gééré. Doge kúnlẹ̀ gba àsíá lójú kan, Kristi jókòó lórí ìtẹ́ lójú kejì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Pietro Mocenigo, tí wọ́n yàn ní oṣù kejìlá 1474. Òun ló dá odindi lira padà. Gíráàmù 6.52 tún ni, peggio 60 tún ni. Doge kúnlẹ̀ níwájú Máàkù Mímọ́. Lẹ́yìn, Kristi dúró lórí pẹpẹ, wọ́n sì kọ TIBI SOLI GLORIA yí i ká: ìwọ nìkan ni ògo yẹ. Ọdún kan kọjá díẹ̀ lẹ́yìn òfin tó lé ojú ènìyàn kúrò lórí owó, a kò rò pé ẹnikẹ́ni tó kàwé ní Venice ṣi ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́.

Ẹni tó bá ń ka ìwé ìgbà náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ọdún. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ni ọdún Venice ń bẹ̀rẹ̀. Mocenigo kú ní oṣù kejì 1476 ní ìṣirò tiwa, ṣùgbọ́n 1475 ni ìwé ìlú náà máa kọ. Ọ̀pọ̀ ìjà lórí ọdún tí owó kan jáde kò ju èyí lọ.

Ní Milan, Galeazzo Maria Sforza mú owó fàdákà ńlá tirẹ̀ jáde ní 1474. Orí rẹ̀ wà lójú owó náà, owó náà sì wúwo ju lira Tron lọ dáadáa. Kò sí ẹni tó lè fòfin dè é ní ìlú tirẹ̀. Àwọn tó gún un lọ́bẹ pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá 1476 ló dá a dúró.

Ní Venice, gíráàmù 6.52 wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ doge. Ohun tó yí padà ni soldo. Bí àwọn owó kéékèèké ṣe ń pàdánù fàdákà inú wọn, owó tí wọ́n rọ gẹ́gẹ́ bí soldo 20 bẹ̀rẹ̀ sí í tà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dé soldo 24 ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ìgbà yẹn ni lira padà sínú ìwé ìṣirò, tí owó tó ti jẹ́ ara rẹ̀ wá ń jẹ́ mocenigo lásán. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí ducato: wúrà rẹ̀ gòkè kọjá soldo 124, ṣùgbọ́n àwọn oníwèé ṣì ń ka 124 sí ducato kan, títí ilé ìrọwó fi rọ ducato fàdákà tó jẹ́ iye yẹn ní 1562.

Lónìí, ayédèrú lira Tron pọ̀, nítorí àwọn tó ń kó owó jọ fẹ́ràn orí yẹn gan-an. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, kí a sì tún wọ̀n ọ́n nínú omi nígbà tí òwú tín-ín-rín gbé e dání. Èyí tó jẹ́ gíráàmù 6.52 lókè yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 5.89 nínú omi. Bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò yóò fi nǹkan bíi 5.79 hàn, tánńganran tí wọ́n lú òjé díẹ̀ mọ́ kò ní kọjá 5.7. Ìdánwò yìí kò mú ayédèrú tí wọ́n fi fàdákà gidi dà, nítorí náà ojú ni kí ó tẹ̀ lé e: owó tí wọ́n dà máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ láàárín lẹ́tà, etí lẹ́tà rẹ̀ sì máa ń rọ́bọ́tọ́, nígbà tí èyí tí wọ́n fi òòlù lù ní etí tó mú àti ojú tó ṣàn lọ síhà etí owó. Kí a yí etí rẹ̀ wò yípo fún ìlà tí ohun tí wọ́n fi ń da owó máa ń fi sílẹ̀. Òkè fìlà pẹ̀lú jẹ́ ibi àyẹ̀wò, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi owó báyìí ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn: bí ìwọ̀n bá pé ṣùgbọ́n tí àwọ̀ ibì kan yàtọ̀ díẹ̀, ihò tí wọ́n ti dí ni. Bí ìwọ̀n bá sì wà ní 6.1 tàbí 6.2, kí a ka àwọn àmì róbótó wẹ́wẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó yí ọ̀rọ̀ náà ká. Bí wọ́n bá pé lápá kan tí wọ́n sì sọnù lápá kejì, a ti gé etí rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń ná an ni wọ́n gé e.